Itọ́ Ìyá Eégbọn àti Ẹran Tí Kò Mọ̀ Pé Ó Tó

Ẹ sún mọ́ra. Kí ẹni tí àkàrà wà lẹ́nu rẹ̀ gbé e mì, nítorí n kò fẹ́ kí ẹ̀rín pa ọmọ ẹnikẹ́ni lábẹ́ igi máńgòrò mi. Èmi Ọdẹ́rónkẹ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ọmọ Ọdẹ́jọbí ọdẹ, obìnrin tí ó gbé ìbọn kọ́ èjìká kí ó tó gbé ọmọ pọ̀n. Eyín mi ti dín, ojú mi kò sì ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ojú yìí rí nígbà tí ó ń ríran, bí mo bá kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, abúlé yìí kò ní gbà á.

Ìwọ arúgbó tí ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo rí ọ o. O ti ń fún ẹnu pọ̀ bí ẹni tí yóò já mi nírọ́.

"Máa sọ ìtàn rẹ," ni ó wí. "Ọwọ́ mi ló ń ṣiṣẹ́. Etí mi ṣófo."

Ó dára. Bàbá mi kò bí ọkùnrin. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e lọ sí igbó mọ́, àwọn ẹbí ní kí ó fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìbọn ṣakabùlà rẹ̀. Bàbá wò mí, ó ní, "Ìbọn kì í bèèrè bóyá èjìká jẹ́ akọ tàbí abo. Ohun tí ó ń bèèrè ni bóyá èjìká náà yóò yẹ̀." Èjìká mi kò yẹ̀. Ẹfọ̀n tí ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, tí kò rí i wò lẹ́ẹ̀mejì, awọ rẹ̀ ni olórí abúlé ń jókòó lé títí tí ó fi kú. Ẹ bi àwọn tí ó dàgbà léèrè.

Èmi àti àbúrò mi kan ṣoṣo ni ìyá wa bí. Ọdẹ́bùnmi ni orúkọ rẹ̀. Ọrùn ọmọbìnrin yìí gùn, ó dán, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń ti odò bọ̀, kì í fi ọwọ́ di ìkòkò mú, kí àwọn ènìyàn lè rí bí ọrùn náà ṣe dúró. Ní ọjọ́ kan tí ó lọ ṣẹ́ igi ìdáná, ẹ̀gún gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọ̀fun. Ọgbẹ́ kékeré ni. Ó jiná wéré, a sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran tí ó dí ojú ọgbẹ́ náà kò dúró. Ó ń bọ̀, ó tún ń bọ̀. Ó tó kóró àgbálùmọ̀, ó tó ẹyin awó, ó tó ẹyin adìẹ. Wọ́n pe olóòlà, ó gé e. Èyí tí ó hù padà tóbi ju èyí tí ó gé lọ. Nígbà tí ó tó ìkúùkù ọkùnrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹ̀kọ mímu ni a ń ro sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ìdajì rẹ̀ a sì tún gba imú jáde. Gbogbo wa rí i pé ní ọjọ́ tí ẹran yẹn bá fi díẹ̀ tóbi sí i, èémí kò ní ríbi gbà mọ́.

Mo bá bàbá wa níbi tí ó jókòó sí lẹ́yìn ilé. Mo ní, "Bàbá, ẹran tí a bá yìnbọn fún a máa ṣubú. Èyí ńkọ́?"

Ó ní, "Rónkẹ́, irúgbìn wà nínú ara ènìyàn. Bí ibì kan bá ya, irúgbìn yẹn a hù. Òmíràn a di awọ, òmíràn a di ẹran, òmíràn a di iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Bí ihò bá ti dí, ohùn kan a sọ fún un pé ó tó, a sì padà sùn. Ní ọrùn àbúrò rẹ, ohùn yẹn kò dún."

"Ta ni ó ní ohùn náà?"

Ó tọ́ka sí ajá mi, Ẹ̀yìnlàárò, tí ó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Eégbọn ńlá kan jókòó sí ìdí etí rẹ̀, ó yó, ó ń dán bí èso lárà. Bàbá ní, "Ẹ̀gún gún ajá yẹn lẹ́sẹ̀ láàárọ̀, ó ké, ẹsẹ̀ sì wú. Eégbọn ti gún un láti ìjẹta, ẹnu rẹ̀ ṣì wà nínú ẹran, kò ké, ibẹ̀ kò wú. Kí ló dé?"

Mo bẹ̀rẹ̀ wo ìdí etí ajá náà.

"Itọ́ ni. Eégbọn kì í jẹun láì tutọ́. Itọ́ náà ni ó ń sọ fún ẹran pé kí ó dákẹ́, kí irúgbìn má hù, kí ọgbẹ́ má dí títí òun yóò fi jẹun tán. Ti ọmọ kékeré yìí kò lágbára tó. Ti ìyá wọn, tí ó wà ní Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́, ni yóò bá ẹran ọrùn yẹn sọ̀rọ̀."

Mo wọ gbérí ọdẹ mi, mo gbé ìbọn, mo kó ẹ̀tù àti ìgò àdín sínú àpò, mo sì pe Ẹ̀yìnlàárò kí ó tẹ̀lé mi. Àdín yẹn kì í wọ́n lápò ọdẹ, ẹ fi í sọ́kàn. Látúnjí, ọkọ àbúrò mi, ọkùnrin tí ó láàánú tí ó sì lẹ́nu, sìn mí dé ẹ̀yìn oko. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ kò bá rí i ńkọ́?" Mo ní, "Látúnjí, ṣé o ti gbọ́ rí pé mo lọ mú nǹkan tí n kò mú un bọ̀?" Ó ní, "Ẹ lọ mú iyọ̀ lọ́jọ́sí, ata ni ẹ mú bọ̀." Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Àna ni, n kò lè yìnbọn fún un.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá lọ́nà ni oníbodè kan tí wọ́n ń pè ní Kòdúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní ènìyàn gíga, ẹ wá wo gíga. Orí rẹ̀ ti gba àárín ẹ̀ka ìrókò kọjá, èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọlẹ̀ bí gbòǹgbò, irùngbọ̀n rẹ̀ sì dí ọ̀nà pa bí igbó. Ó ń sunkún. Omi ojú rẹ̀ a sì pẹ́ kí ó tó balẹ̀.

"Obìnrin ọdẹ," ni ó wí láti òkè, "ẹni tí yóò kọjá níhìn-ín gbọ́dọ̀ gé èékánná ọwọ́ mi tán."

Mo fa àdá yọ, mo bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo lè pa ewúsà, kí n bó o, kí n sun ún kí èéfín ìbọn tó ká kúrò nílẹ̀, mo gé èékánná títí apá fi ń ro mí. Bí mo bá dé ìka ìkẹyìn, ti àkọ́kọ́ a ti hù padà, a ti gùn ju àdá lọ. Nígbà tí ó yé mi, mo fi àdá sínú àkọ̀, mo jókòó.

Mo ní, "Bàbá Kòdúró, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àdá. Ìwọ àti ọrùn àbúrò mi, àìsàn kan náà ló ń ṣe yín."

Ó wo ìsàlẹ̀. Ó ní, "Gbogbo àwọn tí ó ti kọjá ló ń gé e títí wọn a fi sá. Ìwọ nìkan ló jókòó. Bí o bá mọ èyí, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún ọ. Kí ni nǹkan kan ṣoṣo tí kò jẹ́ nǹkan kan, tí ó sì lè di ohunkóhun?"

Mo ní, "Amọ̀ ni. Kò tíì jẹ́ ìkòkò, kò tíì jẹ́ ògiri, kò tíì jẹ́ àdògán. Ọwọ́ tí ó bá mú un ni yóò sọ ohun tí yóò dà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ ká irùngbọ̀n rẹ̀ kúrò lọ́nà. Ó ní, "Lọ bá àwọn ará ìlú amọ̀ náà. Bí o bá sì rí ẹni tí ó ń sọ pé ó tó, bá mi kí i."

Báyìí ni mo ṣe dé Ìlú Kòìtíìdà. Ẹ̀yin ọmọ, bí mo bá purọ́ nínú èyí, kí ẹ má bá mi jẹun lálẹ́ òní. Àwọn ará ìlú náà kò ní ojú, wọn kò ní imú, wọn kò ní ọwọ́. Wọ́n rọ̀ bí ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, wọ́n sì funfun bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe wọ ìlú ni wọ́n yí mi ká, wọ́n ń bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ẹ kú àbọ̀. Kí ni ẹ fẹ́ kí a dà? Kí ni ẹ fẹ́ kí a dà?"

Ẹnu mi tí kì í gbélé ló kó bá mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹsẹ̀ ló ń dùn mí." Ẹ gbọ́ mi o. Kí n tó pa ẹnu dé, gbogbo ìlú ti di ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ńlá, ẹsẹ̀ kékeré, ẹsẹ̀ tí ó yarọ, gbogbo wọn ń fò sókè, wọ́n ń tẹlẹ̀ gìrì gìrì, wọ́n sì lé èmi àti Ẹ̀yìnlàárò wọ inú kòtò.

Arúgbó ẹlẹ́gùúsí yìí ń rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ ọ́," ni ó wí, "ọwọ́ ni wọ́n dà."

Ó lè jẹ́ ọwọ́. Ìwọ kò sí níbẹ̀.

Àgbà ìlú náà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Amọ̀, ló wá gbà mí. Ó pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù fún un, gbogbo ẹsẹ̀ sì yọ́ padà di ẹ̀kọ. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọdẹ, mo tún kúnlẹ̀ bí obìnrin kí ó má baà ṣì mí mọ̀, mo sì ro ẹjọ́ àbúrò mi.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, àwa ni wọ́n ń rán níṣẹ́ bí ara bá ya. Àwọn tí ó lọ sí ọrùn yẹn, ọmọ ìlú yìí ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọmọ burúkú. A ní kí wọ́n kọ́lé, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé ilé ti parí."

Mo ní, "Ìyá, mo ń lọ bá Ìyá Eégbọn gba itọ́."

Jìnnìjìnnì mú gbogbo ìlú. Ìyá Amọ̀ ní, "A ó bẹ̀ ọ́ nǹkan kan. Itọ́ yẹn dára bí ó bá wá, tí ó sì lọ. Bí ó bá kan ara wa, a ó dákẹ́. Bí ó bá pẹ́, a ó sùn. Bí ó bá pẹ́ jù, a kì í jí mọ́. Níbi tí a kò bá sì ti jí, ọgbẹ́ kì í dí láéláé. Má fi ohun tí ń pa iná pa ààrò." Mo ní mo gbọ́. Irọ́ ni. Etí lásán ni mo fi gbọ́ ọ, ara mi kò tíì gbọ́.

Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́ wà lẹ́yìn ìlú náà. Ewé ń já níbẹ̀, kò dún. Ajá mi ń gbó, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo yìnbọn sókè láti dán an wò: iná jáde, èéfín jáde, ìró kọ̀, kò jáde. Àwọn igi tí ó wà níbẹ̀ ti dúró sí ìwọ̀n kan láti ayébáyé, wọn kò ga sí i, wọn kò rọ. Lábẹ́ èyí tí ó nípọn jù ni mo ti rí Ìyá Eégbọn. Ó tóbi bí ilé ìdáná. Ara rẹ̀ ń dán bí awọ tí a fi òróró pa, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ojú rẹ̀ kéré. Ohùn tirẹ̀ àti ti ẹni tí ó bá ń bá a sọ̀rọ̀ nìkan ló ń dún nínú igbó yẹn.

"Mo gbóòórùn ọdẹ," ni ó wí. "Ẹ̀yin tí ẹ ń já àwọn ọmọ mi lára ajá, tí ẹ ń jù wọ́n sínú iná kí wọ́n lè bú gbàù, kí ẹ lè rẹ́rìn-ín."

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ì bá sá. Mo kó ẹsẹ̀ jọ, mo ní, "Ìyá, ẹni tí ó bá wọ ilé onílé, tí kò kí onílé, tí ó ń jẹun láti àárọ̀ dalẹ́ láì fọwọ́, ṣé ẹ ń retí kí wọ́n tẹ́ní fún un ni?"

Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní, "Àwọn tí ó ti wá ṣíwájú rẹ ni wọ́n ń bẹ̀ mí. Wọ́n ń pè mí ní ọba, nígbà tí ọwọ́ wọn wà lórí àdá. Eégbọn so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nímú, wọ́n ní kí adìẹ wá ṣá a jẹ. Ìwọ adìẹ yìí, o kò bẹ̀rù kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀?"

Mo ní, "Mo bẹ̀rù rẹ̀. Àmọ́ ọmọ ìyá mi kò lè gbé itọ́ mì mọ́. Ẹ fún mi ní ti yín."

Ó ní, "Itọ́ mi kì í gbé inú ìgò, a máa kú. Inú ẹran ni ó ń gbé. N ó fún ọ ní ọmọ mi kan, abíyá rẹ ni yóò jókòó sí títí o ó fi délé. Ìwọ kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, èyí gan-an sì ni ewu rẹ̀. Bí o bá fi ọwọ́ já a, orí rẹ̀ a kù sínú ara rẹ, itọ́ a di májèlé, o kò sì ní rí òmíràn gbà láyé."

Ọmọ tí kò ju èso lárà lọ gun apá mi. Mo rí i tí ó wọ abíyá, lẹ́yìn náà n kò mọ nǹkan kan mọ́. Kò ta mí, kò yún mi, bí ẹni pé n kò ní abíyá rí.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ẹ̀yin ọmọ ọdẹ. Bí ọdẹ bá ti igbó dé odò ìkẹyìn, kí ni ó kọ́kọ́ ń ṣe? Ẹ rí i, ọwọ́ yín ti ń lọ sí abíyá. A ó tú àpò, a ó tọ ara wa wò, ẹ̀yìn etí, abíyá, ìdí ìtàn, ohun tí ọwọ́ bá sì bá, a ó já a. Bàbá mi kọ́ mi bẹ́ẹ̀, bàbá tirẹ̀ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kì í bèèrè lọ́wọ́ orí. Mo kọjá Kòìtíìdà, mo bá Kòdúró, mo dé odò wa, mo gbọ́ tí àkùkọ ń kọ lókèèrè. Inú mi dùn. Mo gbé àpò sílẹ̀, mo ń kọrin lábẹ́lẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi sì wọ abẹ́ apá òsì. Ó bá nǹkan tí ó yó, tí ó ń dán. Ìka mi méjèèjì ti gbá a mú.

Ẹ̀yìnlàárò ló fò mọ́ mi. Ajá tí kò gé mi jẹ rí bù mí lọ́rùn ọwọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, ìka mi sì là. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo ajá, ajá ń wò mí. Lẹ́yìn náà ni mo fi okùn ìbọn di ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́ ìdí ìbọn, báyìí ni mo ṣe wọ abúlé, bí olè tí wọ́n mú. Àwọn ènìyàn ń bèèrè ohun tí mo jí.

Ọdẹ́bùnmi ṣì ń mí, ṣùgbọ́n bí ẹni ń fa okùn la ihò abẹ́rẹ́ ni. Mo ní kí Látúnjí tú ọwọ́ mi. Mo gbé apá òsì sókè, mo ní kí ó ro àdín sí eégbọn náà. Ẹ̀yin ọdẹ mọ̀ pé bí a bá fi àdín bò ó, tí a sì mú sùúrù, yóò jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, tòun ti orí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó jọ̀wọ́. Mo fi ewé gbà á, mo gbé e lé ẹran ọrùn àbúrò mi, ó rìn díẹ̀, ó yan ibì kan, ó jókòó.

Ẹran náà gbọ́ ọ. Ó dákẹ́ ná, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ bí ìgbín tí a fi iyọ̀ sí. Ìkúùkù di ẹyin adìẹ, ẹyin adìẹ di ẹyin awó. Ọdẹ́bùnmi gbé omi mì, a gbọ́ ìró rẹ̀ gbìn. Látúnjí jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí ó tó kóró àgbálùmọ̀, mo na ọwọ́ sí ìgò àdín.

Látúnjí di ìgò mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ó jẹ ẹ́ tán. Kí ló kù?"

Àbúrò mi náà rí ohùn, ohun àkọ́kọ́ tí ó sì fi ohùn náà sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi àbàwọ́n sílẹ̀ lọ́rùn mi. Ẹ jẹ́ kí ó dán bíi ti tẹ́lẹ̀."

Mo gbé apá òsì sókè, mo ní kí wọ́n wò ó. Níbi tí eégbọn ti kúrò, ihò kan wà níbẹ̀, ó rí roboto, ó mọ́, kò ṣẹ̀jẹ̀, kò dùn mí. Ọgbẹ́ tí ajá dá sí mi lọ́rùn ọwọ́ ní odò ti ń sé ètè, ihò yìí kò yíra padà. Ìgbà náà ni ara mi tó gbọ́ ohun tí Ìyá Amọ̀ sọ. Mo ní, "Ọdẹ́bùnmi, ó ti pẹ́ lára mi jù. Bí mo bá jẹ́ kí ó pẹ́ lára rẹ, irú èyí ni yóò wà ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ. Oúnjẹ tí o bá jẹ, ibẹ̀ ni yóò máa gbà jáde. Àṣejù ni ó gbé ẹran yìí wá, n kò ní fi àṣejù wò ó."

Ó ní òun kò gbà. Ó ní ìlara ọrùn òun ló ń ṣe mí láti kékeré. Mo gba ìgò lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, mo ro àdín sí i. Eégbọn jọ̀wọ́. N kò jù ú sínú iná. Mo gbé e padà dé ẹ̀bá odò, mo gbé e lé ewé, mo ní kí ó kí ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, n kò ju eégbọn kankan sínú iná mọ́.

Ọdẹ́bùnmi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ó fi bí ọmọ, tí ọmọ náà fi rìn. Gèlè ni ó fi ń bo kóró tí ó kù lọ́rùn rẹ̀.

"Ìborùn ni," ni arúgbó ẹlẹ́gùúsí wí. "N kì í fi gèlè bo ọrùn."

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Àbúrò mi nìyẹn, ẹni tí ó ti ń já mi nírọ́ láti àárọ̀. Tú ìborùn náà kí àwọn ọmọ rí i. Ẹ fọwọ́ kàn án, kò ní jẹ yín. Kóró àgbálùmọ̀ kan, kò dín, kò lé, láti ìgbà èwe wa títí di òní.

Ihò abíyá tèmi náà ṣì wà níhìn-ín. Kò dí rí. Lárààárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Ọdẹ́bùnmi a bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, a wẹ̀ ẹ́, a fi òwú tuntun dí i, a sì máa bú mi bí ó ti ń ṣe é, pé ọdẹ tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí eégbọn kúrò lára ẹlòmíràn kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó kúrò lára òun. Ẹran tí ó lé lára tirẹ̀ ni ó dín lára tèmi. Bí ẹ bá kó àwa méjèèjì pọ̀, ara kan péré ni ìyá wa bí, ó sì pé.

Ìtàn ti dé ibi tí ó ń lọ. Ọdẹ́bùnmi, fi ẹ̀gúsí sílẹ̀, òwú àárọ̀ yìí ti ń tú.